“Indian summer”, “the dead of winter”: báwo ni kí n ṣe ṣàlàyé wọn fún ọmọ tí kò rí yìnyín wọn rí?

Olùkọ́Ìbàdàn · 21 Oṣù Kẹwàá, 8:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS1 ní Ìbàdàn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá a ka àyọkà kan tó ń ṣàpèjúwe abúlé kan ní England. Gírámà inú rẹ̀ kò le rárá, àmọ́ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìtumọ̀, gbogbo kíláàsì pa lọ́lọ́. Ẹ wo díẹ̀ nínú ohun tó wà níbẹ̀: “Indian summer”, “a nip in the air”, “the nights were drawing in”, “the dead of winter”, “one swallow does not make a summer”.

Ọmọ kan ní “Indian summer” ni ooru ilẹ̀ Íńdíà. Òmíràn ní ẹnìkan kú nínú “dead of winter”. Nígbà tí a dé orí “swallow”, àwọn bíi mẹ́rin ló nawọ́ pé òkèlè ni, àmàlà tàbí ẹ̀bà. N kò bá wọn wí, ohun tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n sọ. Mo wá ka ohun tí ìwé atúmọ̀ èdè sọ nípa “summer” fún wọn, pé òun ni àsìkò tó gbóná jù nínú ọdún. Ọmọbìnrin kan ní, “Ṣé oṣù March ni, mà?” Òótọ́ ló sì sọ. Ní Ìbàdàn tí a wà yìí, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ni ooru ń mú wa jù. N kò rí èsì fún un.

Ìbéèrè méjì ni mo gbé wá. Kí ni àwọn ọ̀rọ̀ yìí túmọ̀ sí gan-an lẹ́nu àwọn tó ni wọ́n? Ṣé ó sì yẹ kí n jẹ́ kí àwọn ọmọ máa lò wọ́n nínú àròkọ aṣàpèjúwe tiwọn?

---

Ìyá Ìbejì Leeds · 21 Oṣù Kẹwàá, 9:02 alẹ́

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ọdún kẹrìndínlógún mi rèé ní Leeds. Ẹ jẹ́ kí n mú “the nights are drawing in”, torí òun ló kọ́kọ́ rú mi lójú nígbà tí mo dé.

Nílé, láti January títí di December, ìyàtọ̀ tó wà nínú ìgbà tí oòrùn ń wọ̀ kò pé wákàtí kan. Níbí, lápá ìparí June, aago 9:40 alẹ́ ni oòrùn tó ń wọ̀. Tó bá di àárín December, aago 3:45 ọ̀sán ó ti wọ̀. Ọmọ á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ti ilé ìwé bọ̀, ilẹ̀ á ti máa ṣú. Láti September lẹ ó ti máa gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn aládùúgbò nídìí ọkọ̀: “the nights are drawing in”. Òru ń sún mọ́ wa, ọ̀sán ń kúrú lójoojúmọ́. Kì í ṣe òtútù ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ, ìmọ́lẹ̀ tó ń lọ ni. Ìbànújẹ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ìfẹ́ ilé náà sì wà níbẹ̀: ká fa aṣọ ojú fèrèsé pa, ká gbé tíì kaná, ká jókòó papọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù yìí, a óò dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ń wọni lára.

“A nip in the air” kéré sí òtútù. Ẹ fojú inú wò ó bí ẹni pé ẹnìkan ja yín léèékánná díẹ̀ létí àti nímú bí ẹ ṣe ṣílẹ̀kùn láàárọ̀. Ẹ ò tíì nílò kóòtù ńlá, àmọ́ ẹ mọ̀ pé ó ti ń bọ̀.

---

Ọ̀rẹ́Ìwé · 21 Oṣù Kẹwàá, 9:40 alẹ́

Ọmọ tó sọ pé ooru Íńdíà ni kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí i. Ohun tí wọ́n kọ́ wa nígbà tiwa ni pé àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó lọ jọba lé Íńdíà lórí ló mú ọ̀rọ̀ náà wálé. Ooru tó pọ̀ gan-an ni.

---

AráToronto · 22 Oṣù Kẹwàá, 2:17 òru

Ọ̀rẹ́Ìwé, ẹ má bínú, kì í ṣe Íńdíà. Àríwá Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀, àwọn ọmọ onílẹ̀ ibí, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Indian nígbà náà, ni orúkọ náà ń tọ́ka sí. Ó ti wà nínú ìwé tí Crèvecoeur, ọmọ Faransé tó ń dáko ní New York, kọ ní 1778. Àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lórí ìdí tí wọ́n fi fi orúkọ wọn pe àsìkò náà.

Bó ṣe ń rí nìyí. Ní October, òtútù àkọ́kọ́ á dé, ìrì á dì sórí koríko lóru, ewé á ti pọ́n, ọ̀pọ̀ á ti wọ́. Gbogbo ènìyàn á ti kó aṣọ òtútù jáde. Lójijì, fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, nígbà mìíràn ọ̀sẹ̀ kan, oòrùn á padà ràn, afẹ́fẹ́ á dákẹ́ rọ́rọ́, ara á tù ẹ́. Àwọn ènìyàn á jókòó síta pẹ̀lú ọmọ wọn, torí wọ́n mọ̀ pé kò ní pẹ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi dùn létí wọn. Ooru rẹ̀ kò pọ̀ rárá, ẹ̀bùn tí ènìyàn kò retí ni. Ìdí kan náà ni wọ́n fi ń lò ó fún arúgbó tó rí ìfẹ́ tàbí àṣeyọrí nígbà tí gbogbo ayé rò pé ọjọ́ ti lọ.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó gbilẹ̀ ní England, “St Martin’s summer” ni wọ́n ń pe irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, torí ọjọ́ 11 oṣù November ni àjọ̀dún Martin mímọ́. Olùkọ́, ẹ sọ fún àwọn ọmọ pẹ̀lú pé àwọn kan ti ń yẹra fún “Indian summer” báyìí nítorí àwọn ọmọ onílẹ̀. Kí wọ́n mọ ìtumọ̀ rẹ̀ tí wọ́n bá rí i nínú ìwé. Kò pọn dandan kí wọ́n lò ó.

---

Ọ̀rẹ́Ìwé · 22 Oṣù Kẹwàá, 7:05 àárọ̀

Ẹ ṣé é, AráToronto. Mo ti gbà á bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún.

---

Olùkọ́Àgbà · 22 Oṣù Kẹwàá, 10:31 àárọ̀

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo sì ka ìwé ìdánwò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lórí ìbéèrè kejì yín, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ kà á léèwọ̀. Ẹ ò mọ iye àròkọ tí mo ti kà tí ọmọ ń ṣàpèjúwe ọjà nílùú rẹ̀, tó wá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú “It was a crisp autumn morning”. “Autumn” wo ló wà ní Ọ̀yọ́? Ọmọ náà kò parọ́ mọ̀ọ́mọ̀, ó rí i nínú ìwé pé ó dùn ni. Ẹni tó ń ka ìwé rẹ̀ á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé kò rí nǹkan kan, ó kàn há a sórí.

Ẹ sọ fún wọn pẹ̀lú pé kí wọ́n jìnnà sí “fall”. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló ba “autumn” jẹ́ tó di bẹ́ẹ̀.

---

Ògbufọ̀ · 22 Oṣù Kẹwàá, 1:48 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, bàbá. Mo fara mọ́ yín lórí ọjà Ọ̀yọ́. Lórí “fall”, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ díẹ̀. England náà ni “fall” ti wá, wọ́n ń lò ó níbẹ̀ ní nǹkan bí 400 ọdún sí 500 ọdún sẹ́yìn. “Fall of the leaf” ni wọ́n ń sọ ní kíkún, ìgbà tí ewé ń wọ́. Ẹnìkejì rẹ̀ ni “spring of the leaf”, ìgbà tí ewé ń rú. Èdè Látìn ni “autumn” gba ti Faransé wọlé. Kí ó tó gbilẹ̀, “harvest” gan-an ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe àsìkò náà. Àwọn tó kó lọ sí Amẹ́ríkà gbé “fall” dání, àwọn tó kù nílé ló jù ú nù.

Ẹ wá wo bí tiwa ṣe ṣe rẹ́gí: ìrúwé àti ìwọ́wé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i pé Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ àti Yorùbá gba ọ̀nà kan náà láti sọ ọ́, inú mi dùn fún odindi ọjọ́ kan.

Iṣẹ́ ìtumọ̀ ni mò ń ṣe, Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá. Àṣìṣe tí mo ń ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ni pé mò ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ àsìkò bí ẹni pé ojú ọjọ́ nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ooru àti òtútù kò níyì kan náà nínú èdè méjèèjì. Gẹ̀ẹ́sì ń sọ “a warm welcome”, “a warm heart”. Ẹni tó gbóná sí ọ ló fẹ́ràn rẹ, ẹni tó tutù kò láàánú. Àwa ń gbàdúrà kí ọ̀nà tutù, kí ilé tutù. A ń yin ènìyàn pé oníwà tútù ni. Ohun tí a kò fẹ́ là ń pè ní gbígbóná: ìlú gbóná, ọ̀rọ̀ gbóná. Torí náà akéwì Gẹ̀ẹ́sì lè fi olólùfẹ́ rẹ̀ wé ọjọ́ kan nínú “summer”, kí ẹni náà mọ̀ pé òun rẹwà. Bí a bá fi obìnrin wé ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn ní Yorùbá, èébú ni yóò gbọ́. Ìrì òwúrọ̀ tàbí òjò ìrọ̀lẹ́ la ó fi wé e. Ní ilẹ̀ tí òtútù ti gba oṣù mẹ́rin, márùn-ún, ooru ni ìtura. Ní tiwa, òjì ni ìtura. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti mú èyí, ìdajì àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn á yé e láìwo ìwé atúmọ̀.

Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì náà kojú rẹ̀. Ní Jẹ́nẹ́sísì 8:22, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti sọ “summer and winter”, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò ni Yorùbá kọ. Mo rò pé wọ́n ṣe é dáadáa, torí ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì, àsìkò òtútù ni òjò ń rọ̀, àsìkò ooru sì ni ilẹ̀ ń gbẹ. Àmọ́ ní England, yípo ọdún ni òjò ń rọ̀. Bí a bá kọ “ẹ̀ẹ̀rùn” fún “summer” wọn, a ti ṣi òǹkàwé lọ́nà.

“The dead of winter”: Gẹ̀ẹ́sì tún ń sọ “the dead of night”, èyí tí àwa ń pè ní ọ̀gànjọ́ òru. Èmi máa ń kọ ọ́ ní “ọ̀gànjọ́ ọ̀gìnnìtìn”. Àárín gbùngbùn rẹ̀ ni, nígbà tí ohun gbogbo dákẹ́ tí kò sí ohun tó ń mira.

(Mo rí i pé mo kọ “òjì ni ìtura” lókè. “Òjìji” ni mo fẹ́ kọ, ibòji abẹ́ igi.)

---

Àgbẹ̀Ìsẹ́yìn · 22 Oṣù Kẹwàá, 7:20 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé. Àgbẹ̀ ni mí, mo máa ń kà yín, n kì í sábà kọ nǹkan. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àsìkò dé ọ̀dọ̀ mi lónìí.

Ògbufọ̀, ọ̀gànjọ́ ọ̀gìnnìtìn dùn lẹ́nu, àmọ́ ọ̀gìnnìtìn tiwa kì í pa nǹkan. Aṣọ la ó wé mọ́ra. Ṣé kì í ṣe pé nǹkan ń kú ní tiwọn lóòótọ́? Kò sí ohun tó ń hù lóko, ilẹ̀ le bí òkúta. Mo rò pé ikú wà nínú “dead” yẹn, kì í ṣe àárín nìkan.

Ìwọ́wé náà, àwa ní in. Igi àràbà ń wọ́wé, igi tíìkì ń wọ́wé, àmọ́ inú ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn ni, nígbà tí omi ti gbẹ nínú ilẹ̀. Tí ẹ bá sọ “ìgbà ìwọ́wé” fún ọmọ Ìsẹ́yìn, oṣù January ni yóò rò. Ẹ ṣàlàyé fún un pé ti òyìnbó yàtọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àwa kò ní ọ̀rọ̀ àsìkò ni? Òjò tó kọ́kọ́ rọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn ni àkọ́rọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ àkọ́rọ̀ ti gbọ́ òórùn ilẹ̀, ó ti rí èsúnsún tó ń fò yí iná ká, ó ti gbọ́ ìró àdá tí wọ́n ń pọ́n. Èyí tó ń rọ̀ lọ́wọ́ níbí báyìí ni àrọ̀kúrò, tí òjò fi ń dágbére. Àsìkò kọ̀ọ̀kan ní ìkíni tirẹ̀: ẹ kú òjò, ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ kú ọ̀gìnnìtìn. Bí wọ́n bá sọ fún mi pé “make hay while the sun shines”, koríko tí wọ́n ń sá fún màlúù kò kàn mí, àmọ́ mo mọ ohun tó túmọ̀ sí, torí ẹ̀ẹ̀rùn la máa ń sá èlùbọ́. Iṣu tí a bọ̀ tí kò rí oòrùn á bu. Ẹ bá mi fi èlùbọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ.

---

Ìyá Ìbejì Leeds · 22 Oṣù Kẹwàá, 8:11 alẹ́

Bàbá Àgbẹ̀, òótọ́ lẹ sọ nípa “dead”. Ní January, tí mo bá wo ọgbà ẹ̀yìn ilé mi, igi kò ní ewé kan, ẹyẹ kò dún. Ìtumọ̀ méjèèjì wà níbẹ̀.

---

Jọ́gíráfì200L · 23 Oṣù Kẹwàá, 6:45 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin àgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ jọ́gíráfì ni mí. Ọmọ tó béèrè nípa March yẹn béèrè ohun tó dára gan-an, ìdí rẹ̀ sì rèé. Ayé kò nàró gangan bó ṣe ń yí oòrùn po, ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní bíi ìwọ̀n 23.5. Ní June, apá àríwá ló kọjú sí oòrùn, ọ̀sán wọn gùn, ìyẹn “summer” wọn. Ní December ó yí padà. Àwa tí a sún mọ́ agbedeméjì ayé, oòrùn kì í jìnnà sí wa lórí, nítorí náà òjò àti ìyàngbẹ ló ń pín ọdún wa sí méjì. Àwọsánmà àti òjò ló ń mú kí July àti August tutù níbí ní àkókò kan náà tí “summer” wà ní Leeds. Lọ́jọ́ Kérésì, ooru ló ń mú ní Ọsirélíà àti Gúúsù Áfíríkà.

Lórí “swallow”: alápàńdẹ̀dẹ̀ ni, ẹyẹ tó ń fi amọ̀ mọ́lé sábẹ́ àjà. Tí òtútù bá ń bọ̀ ní Yúróòpù, wọ́n á fò wá sí Áfíríkà. Àìmọye wọn ló ń sùn sórí òkè ní agbègbè Boki, ní ìpínlẹ̀ Cross River, lọ́dọọdún. Ní April ni wọ́n ń padà dé England, inú àwọn ènìyàn á dùn pé ooru ń bọ̀. Òwe náà wá ń kìlọ̀ pé bí o bá rí ẹyọ kan, má tíì kó aṣọ òtútù dànù. Ó ti pẹ́ gan-an. Aristotle ti Gíríìkì ti sọ ọ́, àmọ́ “spring” ni tirẹ̀ wà lórí, torí ilẹ̀ tiwọn ń tètè móoru ju England lọ, ẹyẹ náà sì ń tètè dé ọ̀dọ̀ wọn.

---

Olùkọ́Ìbàdàn · 23 Oṣù Kẹwàá, 3:30 ọ̀sán

Ẹyẹ tó ń sùn ní Cross River ni àwọn ará England ń retí! Èyí ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ Ajé.

---

Ẹlẹ́kọ̀ọ́Ìsinmi · 23 Oṣù Kẹwàá, 5:12 ìrọ̀lẹ́

Mo fẹ́ bá bàbá Olùkọ́Àgbà jiyàn díẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Mò ń ṣe ẹ̀kọ́ ìsinmi fún àwọn ọmọ ní Èkó láti July sí September. Kí ni gbogbo òbí ń pè é? “Summer lesson”. Òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, àgbàrá ń ṣàn ládùúgbò, àmọ́ “summer” ni lẹ́nu wa. Bí ọmọ bá kọ ọ́ pé “last summer I stayed with my grandmother in Ìjẹ̀bú”, n kò rò pé ó ṣì í. Ìsinmi gígùn ló ní lọ́kàn, ẹni tó ń kà á níbí sì mọ̀. A ò lè fi gbogbo rẹ̀ sínú èèwọ̀.

---

Olùkọ́Àgbà · 23 Oṣù Kẹwàá, 9:00 alẹ́

Mo gbọ́. Bí “summer” bá dúró fún ìsinmi, mo lè gbà á, àmọ́ “long vacation” ló yẹ kó kọ nínú ìdánwò. Ohun tí n kò ní gbà ni kó sọ pé oòrùn “summer” ń ràn yòò lórí koríko nígbà tí òjò ń rọ̀ ní Ìjẹ̀bú. Ògbufọ̀, ẹ ṣé fún “fall”. Mo ti fa igi pupa lé e lórí nínú ọ̀pọ̀ ìwé ọmọ, kò sì yẹ kí n ti fà á.

---

Ògbufọ̀ · 24 Oṣù Kẹwàá, 8:26 àárọ̀

Ọ̀kan tí a kò tíì fọwọ́ kàn: àsìkò gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí. “A girl of eighteen summers” kò ju ọmọ ọdún 18 lọ, àmọ́ bí ó ṣe sọ ọ́ fi ìfẹ́ hàn, torí ìgbà dídùn ló fi kà á. Wọn kì í sọ pé ọmọge ní “eighteen winters”. Arúgbó tí ìyà ti jẹ ni wọ́n ń ka “winter” fún. “The autumn of his life” ni ọjọ́ alẹ́ ní tiwa. Wákàtí ọjọ́ la máa ń fi díwọ̀n ayé ènìyàn, òwúrọ̀, ọ̀sán, alẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fi àsìkò ọdún díwọ̀n rẹ̀. Nítorí náà, n kì í túmọ̀ “autumn” níbẹ̀ sí ìwọ́wé. Ọjọ́ alẹ́ ni mo máa ń kọ.

---

Olùkọ́Ìbàdàn · 2 Oṣù Kọkànlá, 7:40 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo padà wá jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ rán mi.

A kò ka ìtumọ̀ kankan sórí. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo kọ sójú pátákó fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan: Níbo ni ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wà? Kí ni ara rẹ̀ ń gbọ́? Ṣé inú rẹ̀ dùn sí àsìkò náà àbí kò dùn? Mo wá pín kíláàsì sí méjì. Ìlàjì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ inú àyọkà, ìlàjì kọ àsìkò tiwa ní Gẹ̀ẹ́sì láìlo “summer”, “autumn”, “winter” tàbí “spring”.

Ọmọ tó sọ pé òkèlè ni “swallow” ló kọ èyí tó dára jù nípa ọyẹ́. Ó kọ ọ́ pé ìyá òun fi òrí pa òun lẹ́sẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, pé aṣọ funfun tí òun sá sórí okùn ti pọ́n fún eruku kí ó tó gbẹ, àti pé nígbà tí òun rẹ́rìn-ín, ètè òun là. Mo kà á sókè fún gbogbo wọn. Ọmọ tó béèrè nípa March náà fẹ́ mọ bí igi kan ṣe lè wọ́wé tán nítorí òtútù, kó sì tún máa rúwé padà lọ́dọọdún. Àwòrán inú ìwé wa kò tó fún un. Ìyá Ìbejì, ṣé ẹ lè ràn wá lọ́wọ́?

---

Ìyá Ìbejì Leeds · 3 Oṣù Kọkànlá, 4:52 ìrọ̀lẹ́

Ẹ sọ fún un pé mo gbọ́. Igi kan wà lójú fèrèsé ilé ìdáná mi, lọ́jọ́ kẹta oṣù kọ̀ọ̀kan ni mo máa ya àwòrán rẹ̀ títí di June, mo sì máa fi ránṣẹ́ síbí. Mo ti ya ti òní. Ewé tó kù lórí rẹ̀ kò pọ̀ mọ́, pupa àti ìyeyè, ìyókù ti tẹ́ sílẹ̀ lórí koríko. Aago 4:30 ni mo yà á, iná títì ti tàn.